Mísáìlì tó ń lé ooru: ṣé pípa ẹ́ńjìnnì lè gba awakọ̀ bàálù là?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Ẹnjiníà. Ọmọ mi ọkùnrin kì í dìde nídìí géèmù bàálù ogun. Ó ní bí ọ̀tá bá yin mísáìlì tó ń lé ooru, kí awakọ̀ sáà ti da iná kéékèèké sílẹ̀ lẹ́yìn bàálù kó sì pa ẹ́ńjìnnì, mísáìlì á ṣìnà. Ó fẹ́ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Ṣé kí n gbà fún un? — Ìyá Dámilọ́lá

Ìdáhùn: Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó lè kọ ti iná yẹn, bó bá ti lè sọ irú mísáìlì tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì, kó yọ ọ́ kúrò.

Mísáìlì tí wọ́n ń pè ní Sidewinder ni baba àwọn tó ń lé ooru. William McLean àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló ṣe é fún ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní China Lake, ní aṣálẹ̀ California, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1956. Imú rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ bàálù. Ojú ibi tó gbóná jù níwájú rẹ̀ ló ń sá tọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yìn ọ̀tá gan-an ni awakọ̀ ní láti bọ́ sí kó tó yìn ín, níbi tí ihò ẹ́ńjìnnì ti hàn kedere. Bí oòrùn bá bọ́ sí ojú rẹ̀, ó lè fi bàálù sílẹ̀ kó máa lé oòrùn lọ! Irú èyí ni iná tí ọmọ yín wí máa ń tàn jẹ, torí iná náà ń jó gbóná ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Ní 1958, àwọn ará Taiwan yin Sidewinder lu bàálù ogun MiG-17 àwọn ará Ṣáínà. Ọ̀kan há sára bàálù láì bú gbàmù, bàálù náà sì gbé e délé. Báyìí ló ṣe dé ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, tí wọ́n sì ṣe àdàkọ rẹ̀.

Àwọn ti òde òní yàtọ̀ pátápátá. Ẹ wo mísáìlì IRIS-T. Nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní 1990, wọ́n jogún bàálù ogun MiG-29 tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe, pẹ̀lú mísáìlì R-73 rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó dára ju èyí tó wà lọ́wọ́ tiwọn lọ. Ni wọ́n bá bá Ítálì, Sweden, Norway, Gíríìsì àti Sípéènì dòwò pọ̀, IRIS-T sì wọṣẹ́ ní 2005. Ó gùn tó mítà mẹ́ta, kò sì wúwo tó 90 kílò. Àwòrán ni ojú rẹ̀ fi ooru yà: ó ń rí apá, ìrù àti ara bàálù. Iná tó já bọ́ lẹ́yìn bàálù kò ní apá, kò ní ìrù, ó sì ń yára fà sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà inú mísáìlì sì lè fojú fò ó. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń yìn láti ilẹ̀, IRIS-T SLM, ti wà ní Yukirénì láti 2022. Rédà tó wà nílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń rí nǹkan láti ọ̀nà jíjìn, ló ń júwe ọ̀nà fún un títí yóò fi sún mọ́ ohun tó ń lé, kí ojú rẹ̀ tó gba iṣẹ́.

Ó ku ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọkọ̀ yín lẹ́yìn ìrìn àjò, ṣé ẹ ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀? Ti bàálù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá sì ni mísáìlì fi ń dé. Eré tí bàálù ń sá tún ń mú ara rẹ̀ gbóná nínú afẹ́fẹ́, ojú ọ̀run tútù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì hàn gbangba. Yàtọ̀ sí èyí, bàálù tó pa ẹ́ńjìnnì á pàdánù eré, kò sì ní lè máa yà bàrà pẹ́.

Ohun kan tún wà tí géèmù kì í sọ. Nínú géèmù, aago ìkìlọ̀ á ké bí mísáìlì bá ń bọ̀. Lójú ọ̀run, mísáìlì tó ń fojú wá ooru kì í tan rédà, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń gbọ́ rédà ọ̀tá ò ní gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ mísáìlì náà. Àfi bí bàálù bá ní ẹ̀rọ mìíràn tó ń ṣọ́ iná ìdí mísáìlì ni awakọ̀ fi máa tètè mọ̀ pé wọ́n ti yìn ín sóun.