Èsì: Ṣé dandan ni gáàsì nígbàkigbà tí a bá fọ ẹ̀rọ amúlétutù?

Ẹ ní oníṣẹ́ tó ń fọ ẹ̀rọ amúlétutù yín kọ owó gáàsì (èyí tó ń mú kí ẹ̀rọ náà máa tutù) mọ́ owó fífọ. Owó fífọ nìkan ni kí ẹ san fún un, kí ẹ yọ owó gáàsì tí ó kọ mọ́ ọn kúrò, níwọ̀n ìgbà tí ẹ sọ pé ẹ̀rọ náà ṣì ń tutù dáadáa. Gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò; bí ó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni, kí ó kọ́kọ́ wá ojú ibẹ̀ dí.

Eruku ọyẹ́ ni ìṣòro wa ní Kubwa, l'Ábújá níbí. Ní àsìkò yìí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń yọ asẹ́ inú ẹ̀rọ amúlétutù mi (eruku ara èyí tí mo yọ lánàá kúnná bí èlùbọ́), tí mo ń fi omi lásán ṣàn án, tí mo sì ń sá a sí ibòji. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.