Ibi Tí Odó Ti Dákẹ́: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, mo sọ fún yín pé mo máa ń kọ ìtàn nípa àwọn ẹ̀dá inú ìwé tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀. Fanfiction ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é, ìtàn àfikún ni èmi ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ilé oúnjẹ ni mo ní ní Ìkéré-Èkìtì, iyán ni mò ń tà. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ pọ̀, márùn-ún ni àyè gbà.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Mo fẹ́ràn ẹ̀dá kan nínú ìwé kan débi pé mo máa ń lá àlá rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ìtàn tèmi nípa rẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti jókòó tì í, ohun tí òǹkọ̀wé ti sọ ni mo máa ń tún sọ. Níbo ni ẹ̀yin ti máa ń bẹ̀rẹ̀?*

Ọmọ mi, ibi tí ẹni tó ń sọ ìtàn náà kò dé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n fi tèmi ṣe àlàyé.

Ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fagunwa kọ, tó jáde ní 1938, ni mo máa ń kọ àfikún sí. Nígbà tí Àkàrà-Ògùn ń kó àwọn akọni jọ fún ìrìnàjò Òkè Lángbòdó, ó lọ pe Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn. Obìnrin Kàkó kò fẹ́ kó lọ. Ó dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ka oore tó ti ṣe fún un. Inú bí Kàkó, ó fa àdá yọ, ó ṣá a. Orúkọ Kàkó ni obìnrin náà ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ìrìnàjò sì ń lọ.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Mo pa ìwé náà dé, mo bi ìyá mi pé, "Mọ́mì, ta ló sin ín?" Ìyá mi kò mọ̀. Mo ti di ìyàwó, mo ti di ìyá ọmọ, ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àkàrà-Ògùn ló ń sọ ìtàn yẹn, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí ló sọ. Kò sí nínú ilé náà ní gbogbo ọjọ́ tí obìnrin yẹn fi ń dáná fún Kàkó. Kò mọ irú ọbẹ̀ tí Kàkó fẹ́ràn. Kò mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí àlejò bá ti lọ. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé, nítorí èmi tí mò ń ta oúnjẹ, ibi ìkòkò ni mo ti mọ èèyàn.

Orúkọ Kàkó tí obìnrin náà ń pè nígbà tó ń kú lọ ló wá ṣí ìtàn náà fún mi. Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí. Òun náà ni mo rò pé igbe rẹ̀ fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìtàn tèmi, mi ò jẹ́ kó dárúkọ ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹkùn mi" ló ń pè é bí inú rẹ̀ bá dùn. Bí wọ́n bá jà, "ìwọ ọkùnrin yìí" ni. Bó bá ń rán ọmọdé sí i, á ní, "Lọ bá mi pe ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé." Ojú ewé tó kẹ́yìn pátápátá ni "Kàkó" ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Òun fúnra rẹ̀, mi ò fún un lórúkọ. Mi ò tíì mọ orúkọ tó bá a mu.

Nítorí náà, kí o tó kọ ohunkóhun, ka ibi tó ń dùn ọ́ yẹn sókè kí etí rẹ gbọ́ ọ. Mo ka ibi ti Kàkó yẹn tó ìgbà méje. Lẹ́yìn náà, fa ìlà sáàárín ojú ewé kan. Kọ ohun tí òǹkọ̀wé sọ sí apá òsì, kọ ohun tí kò sọ sí apá ọ̀tún. Èmi kì í fọwọ́ kan apá òsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí obìnrin náà yè. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń yí òpin ìtàn padà, ó sì máa ń dùn nígbà tó bá ti ọkàn wọn wá. Mi ò lè ṣe é. Ikú rẹ̀, tí ìrìnàjò kò dúró dè, ló mú mi gbé bírò. Bí mo bá mú ikú náà kúrò, kí ló kù tí mò ń kọ?

*Ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ ni mí ní Ìjerò, mo bí ọmọ mẹ́ta. Ìgbà wo lẹ máa ń ráyè kọ̀wé pẹ̀lú iṣẹ́ oúnjẹ?*

Àbúrò mi, mi ò ráyè rí. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń dìde, iṣu ni mo sì kọ́kọ́ máa ń bẹ. Ọwọ́ níṣẹ́, ẹnu kò níṣẹ́. Mo máa ń fi fóònù sínú náílọ́ọ̀nù kí omi iṣu má bàa ta sí i, màá gbé e sórí àpótí, màá tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, màá sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé obìnrin Kàkó jókòó tì mí, tó ń bá mi bẹ iṣu. Mi ò kì í tún ọ̀rọ̀ sọ nígbà yẹn. Bí mo bá ṣìṣe, mo ti ṣìṣe.

Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, tí oníbàárà bá ti dá, màá jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, màá gbọ́ ohun tí mo sọ, màá kọ ọ́ sínú ìwé ajákọ. Ọjọ́ náà gan-an ni. Ọdún méjì sẹ́yìn, mo kó ohùn 11 jọ láìkọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Fóònù já bọ́ sínú korobá omi iṣu, gbogbo rẹ̀ sì lọ. Mo sunkún bí ẹni tó pàdánù owó. Mo gbìyànjú láti rántí, ṣùgbọ́n èyí tó padà wá kò ní ẹ̀jẹ̀ lára bíi ti àkọ́kọ́.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi gúnyán. Bí wọ́n bá ti ń gún un láàárọ̀, màá mú ìwé àná jáde, màá máa kà á fún wọn. Ọmọ odó méjì ń wọ inú odó kan: gbì, gbì, gbì, gbì. Bí ìtàn bá wọ̀ wọ́n lára, ọ̀kan á gbé ọmọ odó sókè, kò ní sọ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí odó bá ti dákẹ́, màá fi bírò pupa sàmì sí i. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń gún un lọ láìwojú mi, ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà kan, mo fi ojú ewé mẹ́ta ṣàpèjúwe igbó. Odó kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo yọ ojú ewé méjì àtàbọ̀ kúrò. Ọjọ́ tí mo ka ibi tí obìnrin náà ti dárúkọ ọkọ rẹ̀, odó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí iyán ọjọ́ náà fi ní kókó, tí oníbàárà sì fi sùn mí.

Ìwọ náà ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ka ìtàn rẹ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ, kí o máa fetí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

*Ìyá oníyán, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìkọ̀lé. Mo mọ rírì akitiyan yín. Ṣùgbọ́n ṣé olè kọ́ ni kéèyàn mú ẹ̀dá tí ẹlòmíì fi ọpọlọ rẹ̀ dá, kó máa fi í kọ ìtàn?*

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kò fi pa mọ́ fún mi. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí gan-an kí n tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sọ pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé wà lábẹ́ ààbò títí 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Fagunwa kú ní 1963. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó di òpin 2033. Nítorí náà, mi ò ta ìtàn wọ̀nyí rí, kọ́bọ̀ kan kò bá a wọlé. Orúkọ Fagunwa ni mo máa ń kọ sókè pátápátá kí n tó kọ tèmi, mi ò sì da gbólóhùn rẹ̀ kọ. Mi ò sọ pé àìtà ti sọ ohun gbogbo di ẹ̀tọ́ mi. Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá ní kí n dáwọ́ dúró lónìí, màá dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọdé ni irú ìtàn yìí, mi ò gbà bẹ́ẹ̀, sà. Archive of Our Own, tí àwọn olùfẹ́ ìtàn fúnra wọn dá sílẹ̀ láti kó irú ìtàn yìí pa mọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gba ẹ̀bùn Hugo, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn iṣẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ti ìyanu, ní 2019. Àwa gan-an sì ti ń ṣe é kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Ẹ̀yin náà gbọ́ àlọ́ Ìjàpá tó lọ gba àsèjẹ fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ, tó tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà, tí ikùn tirẹ̀ sì wú. Ṣé bákan náà ni gbogbo ẹni tó pa á fún yín ṣe pa á? Ẹnu ìyá mi àgbà nìkan ni mo ti gbọ́ pé Yánníbo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ti fọ abọ́ sílẹ̀ de àsèjẹ náà. Ìyá àgbà ló fi abọ́ yẹn kún un. Òun náà ti wá ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án.

*Ẹ kú àárọ̀, mà. Adó-Èkìtì ni mo wà. Ṣé Yorùbá inú ìwé la gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́, àbí a lè fi Èkìtì kọ ọ́?*

Fi Yorùbá tí ará Ọ̀yọ́ àti ará Ìjẹ̀bú á gbọ́ sọ ìtàn, kí o sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sọ tiwọn. Mo dá ìyá arúgbó kan tó jẹ́ aládùúgbò Kàkó, "ulé" ló ń pe ilé, "uṣu" ló ń pe iṣu. Mi ò túmọ̀ ọ̀kankan, kò sì sí ẹni tí kò yé. Ohun tí mo máa bẹ̀ ọ́ ni pé kí o fi àmì ohùn sí i. Ó máa ń gba àsìkò lórí fóònù, mo mọ̀. Mo fi apá kan ránṣẹ́ láìfàmì sí i rí, mo kọ ọ́ pé ọkọ obìnrin kan ti sọnù. Ẹnìkan kà á sí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ẹlòmíì kà á sí ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Ọ̀fọ̀ ńlá ni mo kọ, wọ́n ń bi mí ní iye tó rà á.

*Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo dá ìtàn mi dúró ní apá kẹrin, ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Àwọn tó ń kà á ti dákẹ́, ojú sì ń tì mí láti padà. Èfọ̀n-Aláayè ni mo ti ń kọ̀wé.*

Padà síbẹ̀. Má bẹ ẹnikẹ́ni, má ṣàlàyé, ṣáà gbé apá karùn-ún jáde. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀dá yẹn bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀ á dá ohùn rẹ mọ̀.

Èmi náà dúró. Lẹ́yìn ìtàn àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ti ìsìnkú, kí n lè dáhùn ohun tí mo bi ìyá mi nígbà yẹn. Mo kọ bí àwọn obìnrin àdúgbò ṣe jáde wá, tí wọ́n gbé e kúrò nínú eruku, tí wọ́n gbé e wọlé. Ó di ibi tí wọ́n ti fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi fún oṣù márùn-ún. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, bí mo ṣe ń bẹ iṣu nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn gbé igbá omi kalẹ̀, tó ní, "Ẹ dúró ná. Ta ló mọ orúkọ rẹ̀ nínú yín?"

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo tẹ fóònù.