Páásípọ́ọ̀tù ò gbọ́dọ̀ bá ẹ dé ilé ijó

Àbúrò mi, o ní o ń bọ̀ nílùú ọba lóṣù Kẹsàn-án láti ṣe másítáàsì, o wá béèrè pé ṣé dandan ni kéèyàn máa mutí kó tó lọ́rẹ̀ẹ́, àti pé ẹgbẹ́ wo ló yẹ kó o bá rìn. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù ẹ.

2019 ni mo lọ tèmi. Kí oṣù kan tó pé, mo ti ń bá ẹgbẹ́ mẹ́rin rìn. Alẹ́ Ọjọ́rú, àwọn tó ń gbá badminton, torí ọ̀sán Ọjọ́rú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń ṣeré ìdárayá, alẹ́ ẹ̀ ni wọ́n sì ń kún ilé ọtí. Fúráìdé, àwọn ọmọ Nàìjíríà olówó tó ń dá owó tábìlì ní ilé ijó. Sátidé, ACS (African-Caribbean Society), ẹgbẹ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n ń fi bí mo ṣe ń sọ òyìnbó rẹ́rìn-ín. Sọ́ńdè, mo wà nínú kwáyà bí ẹni tí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ilé ijó.

Òfin wọn ni pé ẹni ọdún 18 lè ra ọtí, ṣùgbọ́n tó o bá jọ ẹni tí ò tíì pé 25, wọ́n á béèrè káàdì. Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà náà, bouncer, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó, kọ̀ jálẹ̀. Bó ṣe di pé mò ń gbé páásípọ́ọ̀tù àti BRP, káàdì tó fi hàn pé wọ́n gbà mí láyè láti gbé níbẹ̀, kiri nínú àpò kóòtù mi nìyẹn. Lálẹ́ Fúráìdé kan ní oṣù Kọkànlá, £2 ni kí wọ́n fi bá mi tọ́jú kóòtù. Mo ní mi ò san, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga. Nígbà tó máa fi di aago méjì òru, àga wà níbẹ̀, kóòtù ti lọ.

Àwọn olówó ní "pẹ̀lẹ́, bọ̀dá", wọ́n pe Uber. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi iye tó kàn mí nínú owó tábìlì ránṣẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ibi tí kóòtù ti sọnù fún wọn?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrà ọ́fíìsì. Obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì nílé-ìwé mi ò tiẹ̀ gbójú sókè lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n lọ gba nọ́ńbà tó fi hàn pé mo ti fẹjọ́ sùn lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní àwọn kì í kọ irú ẹ̀. Mo padà, ó ní kí n padà lọ. Nígbà kẹta, ó fún mi ní ìwé pélébé nípa bí èèyàn ṣe ń mutí níwọ̀nba. Èmi tó jẹ́ pé Coke ni mo mu mọ́jú! BRP tuntun gba £56 lọ́wọ́ mi. Nígbà náà, tí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìṣe é, owó ìtanràn lè dé £1,000. Ti páásípọ́ọ̀tù, mi ò ní sọ ọ́, kí n má bàa bú èèyàn. Orí WhatsApp ni mo ti wo ìsìnkú ìyá bàbá mi lóṣù Kejìlá.

Lóòótọ́, BRP ò sí mọ́ láti ìparí 2024, eVisa, físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù. Ṣùgbọ́n bouncer wo ló fẹ́ wo eVisa? Gba provisional, ìwé ìwakọ̀ ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, £34 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni kó o máa fi hàn wọ́n. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ ò le.

Ẹ̀n-ẹ́n, ọ̀rọ̀ round. Tí èèyàn mẹ́fà bá ń ra ọtí fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yíká, yóò kàn ọ́. Coke £2 lò ń mu, ìwọ lo máa sanwó ọtí márùn-ún. Tètè sọ pé o máa ra tìẹ. Má fi ife ẹ sílẹ̀ lọ ilé ìtọ̀ o. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà ẹ sì gbà fún iṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Má jẹ́ kí alẹ́ Ọjọ́rú ba iṣẹ́ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ jẹ́.

Ọtí kì í ṣe dandan. Ọmọ Malaysia kan wà nínú àwọn oníbadminton, mùsùlùmí, kì í fẹnu kan ọtí, kò sì pa alẹ́ Ọjọ́rú kankan jẹ. Òun ni mo pè lóru ọjọ́ yẹn. Ó dé nínú òjò, ó ń fi iná fóònù wo inú gọ́tà, ìbọ̀wọ́ mi kan ṣoṣo la rí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ní ìdánwò, kò sọ fún mi.

Tó o bá dé, ra kóòtù tí àpò inú ẹ̀ ní síìpù. Kó o sì san £2 yẹn.