Iṣẹ́ Abẹ Ìbàdí fún Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Jẹ́ SS: Ojú Ọgbẹ́ Nìkan Kọ́ Ló Ń Jinná

Arábìnrin mi, ẹ kú ìrora, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS (àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde), pé orí egungun itan yín ti kú, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n fi onírin rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní ará àdúgbò yín kan tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹ̀yin náà lè fọkàn sí iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbéyàwó àbúrò yín bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹjọ. SS ni èmi náà. Oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni wọ́n ṣe ìbàdí mi ọ̀tún, nígbà tí mo wà ní ẹni ọdún 33. Ojú ọgbẹ́ tèmi jinná lásìkò, kò sì fún mi ní ìyọnu kankan. Ẹ̀jẹ̀ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA, tí kò ní àrùn yìí, ka ọjọ́ tiyín, nítorí ọgbẹ́ nìkan ni ẹni yẹn ń tọ́jú, ṣùgbọ́n àwa ń tọ́jú ọgbẹ́, a sì tún ń ṣọ́ àìsàn tí òtútù, òùngbẹ tàbí ibà kékeré lè jí dìde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí. PCV mi, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, kì í sábà kọjá 22 sí 24, dókítà ẹ̀jẹ̀ sì ní òun fẹ́ kó tó nǹkan bí 30 kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹbí mi rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò dára tó, àmọ́ ó ṣàlàyé fún wọn pé bí ẹ̀jẹ̀ SS bá pọ̀ jù lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, ó máa ń ki, kò sì ní ráyè ṣàn dáadáa nínú àwọn òpó tín-ín-rín. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára lọ́pọ̀ ìgbà láti kékeré, ẹ tètè sọ fún wọn, nítorí ara irú wa lè ti kọ́ bí a ṣe ń bá ẹ̀jẹ̀ àlejò jà, èyí tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tó bá ara mu ṣòro láti rí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wá tèmi. Ẹ ní kí àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún yín lọ ṣe àyẹ̀wò ní kíákíá, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹ́ AS, ìyẹn àwọn tó jogún S láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, kò dára fún wa, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ pé AS ni àwọn.

Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí n kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín. Wọ́n ní kí n má fi ohunkóhun kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru, kí wọ́n lè ṣe mí ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Iṣẹ́ pàjáwìrì kan wọlé, wọ́n sún tèmi síwájú, aago méjì ọ̀sán sì lù kí wọ́n tó wá gbé mi. Nínú wákàtí mẹ́rìnlá yẹn, ẹnikẹ́ni kò fa omi sí mi lára, èmi náà kò sì béèrè, nítorí mo rò pé ìlànà wọn ni. Bí omi bá gbẹ lára wa, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wa máa ń tẹ̀ bíi dòjé, wọn a sì máa dí ọ̀nà mọ́ ara wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó wọlé, ẹ bá dókítà tí yóò fún yín ní abẹ́rẹ́ oorun sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ bi í léèrè wákàtí tí ẹ lè mu omi lásán kẹ́yìn, ẹ sì ní kó kọ ọ́ sínú ìwé yín pé kí wọ́n máa fa omi sí yín lára láti àárọ̀ kùtù bí iṣẹ́ náà bá pẹ́. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ àti kúbùsù tó nípọn dání, nítorí òtútù ẹ̀rọ inú yàrá wọ̀nyẹn kò mọ ẹni tí ó jẹ́ SS.

Ọjọ́ kẹta ni mo wá rí ohun tó ń jẹ́ ewu. Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, ìrora ojú ọgbẹ́ kò jẹ́ kí n fẹ́ mí kanlẹ̀, mo kàn ń mí ṣókíṣókí bí ẹni tó ń fara pamọ́. Wọ́n ti gbé ike kékeré kan fún mi, tó ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú ihò mẹ́ta, tí ènìyàn máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ sẹ́nu, tí yóò sì fa afẹ́fẹ́ sínú títí àwọn bọ́ọ̀lù náà yóò fi gòkè. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni mo lè gbé sókè, ó sì rẹ̀ mí, mo bá gbé ike náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tó máa fi di òru ọjọ́ kẹta, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi, ara mi gbóná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi há mi ní ìka sì ń dún pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn náà ti gbà wọlé. Ọ́síjìn, oògùn apakòkòrò àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún fà sí mi lára ni Ọlọ́run fi yọ mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lórí ibùsùn yẹn, nígbà tí obìnrin AA tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí wọ́n ṣe ìbàdí tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ti ń lo ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn lọ sílé. Mo bẹ̀ yín, ẹ lo ike náà nígbà mẹ́wàá ní wákàtí méjì méjì tí ẹ bá ti wà lójúfò. Bí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo bá gòkè, ẹ má jáwọ́.

Kí ẹ tó lè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti ká ìrora yín lápá kò. Nọ́ọ̀sì kan lóru kọ̀ láti fún mi ní abẹ́rẹ́ tí dókítà ti kọ sílẹ̀, ó ní àwa SS fẹ́ràn abẹ́rẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọgbẹ́ lọ, ó sì ṣe mí ní jàǹbá, nítorí ẹni tí ìrora ń dà láàmú kò lè mí, kò sì lè dìde rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ètò oògùn ìrora yín sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹnì kan nínú ẹbí ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì lè bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu yín kò bá gbà á.

Tí ẹ bá dé ilé, ìbàdí tuntun náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta ni wọ́n kà á léèwọ̀ fún mi láti jókòó sórí àpótí, láti lo ṣáláńgá, láti tẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ tàbí láti gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ìrọ̀rí máa ń wà láàárín itan mi bí mo bá sùn. Èyí tó nira jù lọ fún mi ni ìkúnlẹ̀. Nígbà tí bàbá ọkọ mi wá bẹ̀ mí wò, ara mi ti tẹ̀ síwájú láti kúnlẹ̀ kí n tó rántí, ọkọ mi ló sáré dì mí mú léjìká. Bàbá kò bínú. Ẹ tètè sọ fún àwọn àgbà ilé kí wọ́n tó dé, kí ojú má baà tì yín, kí ara má sì tàn yín jẹ.

Ẹ má ṣe dá ibà wò fúnra yín. Bí temọ́mítà bá ti lé ní 38, ẹ padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ara àwa SS kì í tètè borí kòkòrò àrùn, irin tó wà nínú ìbàdí sì jẹ́ ibi tí kòkòrò lè fara pamọ́ sí. Bákan náà, bí ojúgun kan bá wú tàbí tó ń dùn yín, ẹ má ṣe kàn sọ pé kíráísìsì, ìrora líle tí SS máa ń mú wá, tó ti mọ́ yín lára ni, torí ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìyá mi gbé àgbo wá fún mi pẹ̀lú ìfẹ́, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò mu ún, nítorí ohun tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ ń fa omi kúrò lára. Folic acid (tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀) àti Paludrine (tó ń dènà ibà ẹ̀fọn) mi ni mo ń lò lójoojúmọ́, ìgò omi mi kì í sì í jìnnà sí mi.

Ní ti iṣẹ́, oṣù kẹrin ni mo padà sí kíláàsì, ìdajì ọjọ́ ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Kíráísìsì méjì ló ti bá mi láàárín. Ní ti ìgbéyàwó, bí dókítà yín bá gbà á, ẹ lọ, kí ẹ gbé àga gíga tiyín dání, kí ẹ wọ súwẹ́tà kódà bí gbọ̀ngàn náà bá móoru nígbà tí ẹ wọlé, kí ẹ sì bẹ ẹnì kan kó bá yín kúnlẹ̀ kí àwọn àna.