Mò ń fi ìyà ọmọ òrukàn rẹ́rìn-ín

Àǹtí mi, ẹni ọdún 41 ni mí, Kàbbà ni mò ń gbé. Mo ra ìwé àlòkù kan lọ́jà fún ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́ ìwé òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ Lemony Snicket. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á tán. Ìyà ń jẹ ọmọ òrukàn mẹ́ta, èmi ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òrukàn ni èmi náà. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo dàgbà sí, òun ló sì jókòó lé oko káṣú tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọkọ mi ní àgbàlagbà kì í ka ìwé ọmọdé. Àbí ọkàn mi ti le ni? – Ìyá Tólú

Àbúrò mi, ọ̀kún o.

Ti ọkọ rẹ kò le. Bi í bóyá ó máa ń dìde kúrò níbi tí wọ́n bá ti ń pa àlọ́. Ìjàpá jẹ àsèjẹ tí wọ́n sè kí ìyàwó rẹ̀ lè lóyún, ikùn tirẹ̀ ló wú. Ta ló gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín?

Oko káṣú yẹn ni mo dúró sí. O sọ ọ́ bí ẹni ń kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ogún tí òbí àwọn ọmọ òrukàn náà fi sílẹ̀ ni Count Olaf, ìkà ọkùnrin inú ìtàn náà, ń lé kiri nínú ọ̀wọ́ ìwé náà, ìwé 13 tó jáde láàrin 1999 sí 2006. Á yí aṣọ padà, á pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, àwọn ọmọ á sì dá a mọ̀ kíá. Wọ́n á pariwo, àgbàlagbà kankan kò ní gbà wọ́n gbọ́. Mr. Poe, ará báńkì tí ọ̀rọ̀ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikọ́ ni yóò máa wú sínú áńkáṣíìfù. Bí mo bá mọ ẹbí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, Mr. Poe kò ní ṣàìsí nínú tiyín.

Ṣé o rí i, kì í ṣe àwọn ọmọ náà lo ń fi rẹ́rìn-ín. Olaf ni, tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì so pọ̀ di ọ̀kan, tó fín àwòrán ojú sí ọrùn ẹsẹ̀, tó sì rò pé òun ti fara pa mọ́. Ẹni tó ń bà ọ́ lẹ́rù nígbà tí o wà ní kékeré ló wá di yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ. Jẹ́ kí omijé náà máa bọ́ lọ.

Má dá nìkan kà á mọ́. Orí kan lálẹ́, ìwọ àti ọmọ rẹ, kó kà á sókè. Àmọ́ ibi tí Olaf ti fẹ́ fi eré orí ìtàgé fẹ́ Violet, àgbà nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún 14, nítorí owó, kò pa èmi lẹ́rìn-ín rárá. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ibẹ̀ náà lo ti lè sọ ìtàn bàbá rẹ fún un.

Bí igi káṣú wọ̀nyẹn bá sì wà nídùúró, tún kọ̀wé sí mi. Sọ ẹni tí ìwé ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi.