Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kan ìṣó mọ́ àga tó ń mì

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé. Mo jogún àga ìjẹun mẹ́rin lọ́wọ́ bàbá mi, igi tíìkì ni. Méjì nínú wọn ń mì bí èèyàn bá jókòó lé wọn. Ọkọ mi ti kan ìṣó sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, kò ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó tún tú. Ṣé mo lè tún wọn ṣe fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ìyá mi. Ẹ ṣáà bá mi bẹ bàbá ilé kí wọ́n má kan ìṣó ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ìdí tí ìṣó kò fi dúró rèé. Bí igi bá pẹ́ tó nínú ilé, ó ṣì ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Lákòókò òjò ńlá, láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á súnkì. Ìbú rẹ̀ ló ń wú, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ní oríkèé àga, igi kan dúró, èkejì dùbúlẹ̀, wọn kì í sì wú sí ọ̀nà kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni kọ́ọ̀lù àtijọ́, ìyẹn àtè tí wọ́n fi lẹ igi pọ̀, fi ń já. Irin ni ìṣó, kì í bá igi wú. Bí igi ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ihò rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Àwọn agbẹ́gilére wa ní Kétu níbí, odindi igi kan ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò sí oríkèé tí yóò tú. Àga ò rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé ni gbogbo agbára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ tú u. Ẹ fi ẹ̀mú fa ìṣó yọ, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà kan náà sí igi kọ̀ọ̀kan àti ihò rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi aṣọ wé ara igi, ẹ wá fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ láti inú wá síta. Oríkèé tó bá ṣì le, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ló kàn yìí, òun gan-an sì ni iṣẹ́. Kọ́ọ̀lù tuntun kì í di kọ́ọ̀lù tó ti gbẹ mú. Igi ló ń wá. Ẹ wo orí igi tó ń wọ inú ihò: ibi tí kọ́ọ̀lù àtijọ́ wà á máa dán bí ojú ewé tí ìgbín gbà kọjá. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á, inú ihò pẹ̀lú. Bí kò bá ṣí, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná bò ó fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún ha á, kí ẹ wá jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ẹ má ha igi fúnra rẹ̀ o, torí bó bá tín-ín-rín, kò ní kún ihò mọ́. Bó bá ti ń mì nínú ihò tẹ́lẹ̀, ẹ tọrọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jáde lẹ́nu ìfági lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n ń pò mọ́ kọ́ọ̀lù ò lágbára kankan.

Kọ́ọ̀lù funfun tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò ni kí ẹ rà, ẹ ó rí i ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ yín. Ẹ tún lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà alùpùpù, kí wọ́n fún yín ní rọ́bà inú táyà tó ti bàjẹ́. Ẹ là á gbọọrọ, kó fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ wá fi kọ́ọ̀lù pa orí igi àti inú ihò, méjèèjì, kí ẹ ti igi bọ ihò rẹ̀, kí ẹ na rọ́bà náà bí ẹ ṣe ń wé e mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ìyá ọmọ ṣe ń fún ọ̀já. Ẹ ó rí kọ́ọ̀lù tí yóò máa yọ lẹ́nu oríkèé bí òógùn ṣe ń yọ nímú. Ó kún nìyẹn. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún kíá.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa ni kí ẹ gbé e kalẹ̀ sí kó tó gbẹ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo lẹ àga kan lórí yanrìn iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó le digbí, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e wọlé, ẹsẹ̀ kan ò kanlẹ̀. A tú gbogbo rẹ̀, a tún un lẹ̀. Ẹ fi okùn wọn ìjókòó láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ wọn igun méjì yòókù pẹ̀lú. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ ti èyí tó gùn wọlé díẹ̀. Ẹnikẹ́ni má jókòó lé e títí wákàtí 24.

Bó bá jẹ́ pé orí igi ti kán sínú ihò, ẹ gbé ìyẹn wá fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Tí ẹ bá sì rí ihò wẹ́wẹ́ tí ìyẹ̀fun ń dà níbẹ̀, ẹ fi ẹnu ìṣó gún un. Bó bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán, ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ náà.

Ihò ìṣó tí bàbá ilé dá sí wọn lára, ẹ má tíì dí i. Ẹ jẹ́ kí òjò kan àti ọyẹ́ kan kọjá lórí àga náà ná.