Bí a ṣe lè ṣe àwòṣe ilé-iṣẹ́ ọtí Iléṣà pẹ̀lú ojú irin

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Iléṣà ni mo ń gbé, iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo sì ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní ìlú Òyìnbó fi ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń fi iná ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ojú irin rẹ̀ àti wágọ́nù mẹ́ta. Wọ́n kọ OO àti 1:76 sí ara páálí rẹ̀. Ó wù mí kí n gbé ilé-iṣẹ́ ọtí tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ níbí kalẹ̀ ní kékeré, kí ọkọ̀ náà sì máa wọ inú ọgbà rẹ̀ lọ kó ẹrù, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá tí mo ní kò ju mítà mẹ́ta níbùú lóròó lọ. Báwo ni kí n ṣe é tí yóò fi jọ ilé-iṣẹ́ náà lóòótọ́? Ṣé bátìrì ọ̀kadà sì lè gbé e nígbà tí kò bá sí iná?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, inú mi dùn gan-an sí ìbéèrè yìí. Iṣẹ́ àwòṣe ilé ni mo fi ń jẹun ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ayàwòrán-ilé ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ wá, tí n ó sì gbé ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ kalẹ̀ ní kékeré kí ẹni tó fẹ́ náwó lé e lórí lè fojú rí i. Ìdí nìyí tí n ó fi gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, tí n kò ní í gba ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń to ojú irin yípo tábìlì kan ná, kí wọ́n tó wá àyè tí wọn yóò gbé ilé sí, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà kò sì ní í níṣẹ́ kankan tó ń bá ọkọ̀ ṣe. Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: kí ló ń wọlé sí ọgbà náà, kí ló ń jáde, ẹnu ọ̀nà wo ni wọ́n ti ń gbà á? Ìdáhùn yín ni yóò sọ ibi tí ojú irin yóò gbà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó jẹ́ òtítọ́ àti ohun tó jẹ́ àfinúrò nínú iṣẹ́ yìí. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907 kí ó tó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin lọ sí òkè Ọya. Kò yà sí Iléṣà. Nígbà tí wọ́n dá International Breweries, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ọtí Iléṣà yìí, sílẹ̀ ní 1971, tí ọtí àkọ́kọ́ sì jáde níbẹ̀ ní òpin 1978, orí títì ni gbogbo ẹrù rẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, ẹ̀ka ojú irin tí ẹ ó ṣe láti Òṣogbo wá, ọ̀nà tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, àfinúrò yín ni. Èmi fara mọ́ ọn pátápátá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà wà bó ṣe wà gan-an, tí ẹ sì lẹ pátákó kékeré kan mọ́ etí àwòṣe náà tí yóò sọ fún ẹni tó bá wá wò ó pé rélùwéè kò dé ibẹ̀ rí. Bí ẹ bá fẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ojú irin tirẹ̀ nítòótọ́, ti sìmẹ́ńtì ní Ewékorò lẹ máa lọ wò, ṣùgbọ́n ibi tí bàbá yín ti ṣiṣẹ́ ni ọkàn yín wà, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe.

Ilé-iṣẹ́ ọtí dára fún irú iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn lọ, nítorí pé ẹrù rẹ̀ kì í lọ ní òfo, kì í sì í bọ̀ ní òfo. Ọkà ń wọlé, pàápàá ọkà bàbà àti àgbàdo, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkà báálì lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọ̀lú ní 1988. Dísẹ́lì ń wọlé fún ẹ̀rọ. Ọtí ń jáde nínú kéréètì, àwọn òfìfo ìgò sì ń padà bọ̀ nínú kéréètì kan náà, tí àyè tí wọ́n ń gbà kò fi ohunkóhun dín sí ti èyí tí ọtí wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni èérí ọkà tí wọ́n ti pọn ọtí tán lára rẹ̀, tí àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù máa ń wá rà. Ẹ wá rí i pé wágọ́nù oríṣi mẹ́ta péré tó yín: èyí tó ní ìbòrí fún kéréètì àti ọkà, èyí tó jẹ́ táǹkì fún dísẹ́lì, àti èyí tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún èérí.

Ibi tó yẹ kí a fara balẹ̀ sí jù lọ ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, torí pé bí ó bá ti wọ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀dà tàbí ilé tó lè tún un ṣe mọ́. Ojú irin àtijọ́ tó gba Òṣogbo kọjá, mìlímítà 1,067 ni àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ti tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó sí Ìbàdàn ní 2021 fẹ̀ jù ú lọ, 1,435 ni tirẹ̀. Ojú irin tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ mìlímítà 16.5. OO tó wà lára páálí ni orúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀, 1:76 sì túmọ̀ sí pé mìlímítà kan lórí àwòṣe dúró fún mìlímítà 76 lára ohun gidi. Bí ẹ bá fi 76 tó wà lára páálí sọ 16.5 di púpọ̀, 1,254 ni ẹ ó rí, èyí tí kò bá ti àtijọ́ mu, tí kò sì bá ti tuntun mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi 64 sọ ọ́ di púpọ̀, 1,056 ni, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín rẹ̀ àti 1,067, tí ẹ bá gbé e wá sórí àwòṣe, kò pé ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan. Kò sí ojú tó lè rí i. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà, tí ojú irin tiwọn náà jẹ́ 1,067, ti ń lo 1:64 lórí ojú irin 16.5 tipẹ́tipẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú 1:64. Ojú irin yín kò ní í ṣòfò, ẹ̀ńjìnnì yín náà kò ní í ṣòfò: ẹ ó tú ara òkè rẹ̀ kúrò, ẹ ó fi mọ́tò àti táyà irin rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ẹ ó sì fi páálí líle tàbí ike pẹlẹbẹ kọ́ ara tuntun lé e lórí ní ìwọ̀n 1:64. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti wágọ́nù. Àǹfààní mìíràn tí mo fẹ́ràn ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò irin kékeré tí wọ́n ń tà fún ọmọdé ní ọjà súnmọ́ òṣùwọ̀n yìí, nítorí náà ẹ ó rí ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò dúró sí ẹnu géètì láìná owó púpọ̀. Kí ẹ ṣáà mú rúlà dání, torí pé ìwọ̀n gbogbo wọn kò dọ́gba. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 yóò jẹ́ mìlímítà 26 àti díẹ̀. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2.1 yóò jẹ́ 33.

Ní ti títo ojú irin, ẹ má ṣe é ní òbìrí. Yàrá yín kò gbà á, ilé-iṣẹ́ kò sì nílò rẹ̀. Ẹ ṣe ìlà mẹ́ta tí yóò pàdé ní oríta méjì: èyí tó gùn jù yóò gba wágọ́nù márùn-ún, àwọn méjì yòókù yóò gba mẹ́ta mẹ́ta, ìdí ojú irin tí gbogbo wọn ti yà yóò sì gba ẹ̀ńjìnnì pẹ̀lú wágọ́nù mẹ́ta. Wágọ́nù tó gùn ní mítà 10 yóò jẹ́ mìlímítà 156. Tí a bá fi ìkọ́ rẹ̀ kún un, ẹ pè é ní 165. Márùn-ún jẹ́ 825. Ẹ̀ńjìnnì kékeré tó jẹ́ 140 pẹ̀lú wágọ́nù mẹ́ta jẹ́ 635. Oríta méjèèjì yóò jẹ bí 400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,860, pákó pláíwúùdù kan sì gùn ní 2,440, ó ṣẹ́ kù dáadáa. Pẹ̀lú wágọ́nù mẹ́jọ, iṣẹ́ yín ni láti to márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ bí ilé-iṣẹ́ ṣe béèrè fún un, ọ̀nà tí wọ́n sì lè gbà béèrè rẹ̀ tó 6,720. Kò ní í sú yín.

Bí ẹ ó ṣe mọ ìwọ̀n ilé náà kò le. Ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín ya fọ́tò ilé-iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ẹ bi wọ́n ní géètì ná. Fọ́tò ojú òfurufú orí Google yóò fún yín ní gígùn àti ìbú òrùlé, torí pé ohun ìwọ̀n wà lórí rẹ̀. Gíga ni yóò kù, blọ́ọ̀kù ni ẹ ó sì kà: blọ́ọ̀kù 9 ínǹṣì ga ní mìlímítà 225, tí a bá fi sìmẹ́ńtì tó wà láàárín wọn kún un, ìpele mẹ́rin jẹ́ mítà kan. Ògiri tó bá ní ìpele 28 ga ní mítà 7, ẹ ó sì gé e ní mìlímítà 109. Àwọn táǹkì ńláńlá tó ga ju ilé lọ ni yóò jẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ọtí ni. Páìpù ike 110 tí wọ́n fi ń ṣe omi ìdọ̀tí yóò fún yín ní táǹkì tó fẹ̀ ní mítà 7, èyí tó jẹ́ 50 yóò fún yín ní mítà 3.2. Ẹ kò lè ṣe gbogbo ọgbà náà. Ẹ yan ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù jáde àti àwọn táǹkì, kí ẹ fi ilé yòókù ṣe ilé ìdajì, ìyẹn ojú ògiri àti òrùlé díẹ̀ tí kò jìn ju mìlímítà 60 lọ, tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pákó. Kéréètì kan kò ju mìlímítà 6 lọ ní gígùn. Ẹ má gbìyànjú láti gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé fóòmù líle ní odidi òkìtì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fa ìlà sí i lára, kí ẹ sì fi ọ̀dà tó ti pọ̀ lómi kùn ún kí ó wọ inú ìlà náà, ojú yóò sì rí kéréètì.

Erùpẹ̀ Iléṣà ni kí ẹ lò fún ilẹ̀. Ẹ sá a, ẹ kù ú pẹ̀lú asẹ́ tó dán, ẹ sì fọ́n ọn sórí gúlù funfun àwọn káfíńtà tí ẹ ti fi omi là. Kò sí ọ̀dà tó pupa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyókù rẹ̀ tó kúnná bí àtíkè pa ìdí ògiri títí dé bíi mìlímítà 10, torí pé òjò máa ń ta ilẹ̀ pupa sí ara ògiri níbi gbogbo ní ìlú wa, ògiri tó bá funfun dé ilẹ̀ yóò sì dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní àná.

Pláíwúùdù máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ẹ lo èyí tó nípọn ní mìlímítà 12, ẹ gé e sí ìbú 610, ẹ kan igi sí abẹ́ rẹ̀ ní gbogbo mìlímítà 400, kí ẹ sì fi fánísì pa òkè, ìsàlẹ̀ àti etí rẹ̀ kí ẹ tó to ohunkóhun lé e. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, ibẹ̀ ni omi sì ń gbà wọlé. Ẹ fi àlàfo bí ìdajì mìlímítà sílẹ̀ níbi tí irin méjì ti pàdé. Nítorí pé ara irin àti táyà ni iná ń gbà dé mọ́tò, eruku ọyẹ́ yóò máa dá ọkọ̀ dúró: ẹ máa fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu irin náà, kì í ṣe páálí ìgbopákó, kí ẹ sì máa fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Bátìrì ọ̀kadà 12 fóòtì yóò gbé e dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ oníṣẹ́ iná sì mọ èyí tó kù jù mí lọ. Ẹ fi fíúsì 2 ámúpù sí etí bátìrì gan-an, torí pé bí irin tàbí ìṣó bá já lé irin méjèèjì, bátìrì kì í mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, wáyà yóò sì jó kí ẹ tó dìde. Lẹ́yìn fíúsì ni ẹ̀rọ tó ń dín eré mọ́tò kù, lẹ́yìn rẹ̀ ni swíìṣì tó ń yí iná sódì kí ọkọ̀ lè padà sẹ́yìn. Ẹ fi òjé jó wáyà mọ́ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má gbára lé ibi tí irin ti pàdé pé yóò gbé iná kọjá, ẹ má sì ṣe gba bátìrì náà láyè láti máa gba iná sára nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹ wa ẹ̀ńjìnnì yìí lórí pákó òfìfo fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí gbogbo oríta gbà á láìkọsẹ̀, kí ẹ tó da erùpẹ̀ kankan sí i.